Bí ilé-iṣẹ́ ìdókòwò bá kógbá sílé, ọwọ́ ta ni owó wa yóò wà?

Olùkọ́ Àná (Ìyàrà)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kábà, ní Ìsánlú, ní Mọ́pà, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, mo kí gbogbo yín, okun o. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì, owó ìfẹ̀yìntì mi sì wọlé ní oṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti dúró dè é títí tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹnikẹ́ni jẹ mí lówó. Nígbà tí mo yọ èyí tí mo fi tún òrùlé ṣe kúrò, ó ku 6,200,000 náírà. Báǹkì kan ní Kábà ló wà, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, ọjà sì ń gbówó lérí lójoojúmọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé Àbújá mú ìwé ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan wá fún mi. Wọn kò sí lára àwọn tó ń sọ pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Wọ́n ní àwọn yóò bá mi fi owó náà ra bọ́ǹdì ìjọba, ìyẹn ìwé owó tí a yá ìjọba, àti ìpín ilé-iṣẹ́, pé èrè rẹ̀ lè tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè máà tó bẹ́ẹ̀. Mo wá orúkọ wọn nínú àkójọ àwọn tí SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, fún níwèé àṣẹ, mo sì rí i níbẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni ìbéèrè kan tí ọmọ mi kò rí dáhùn: bí ilé-iṣẹ́ náà bá wọ gbèsè, tàbí tí ọ̀gá rẹ̀ bá palẹ̀ ẹrù mọ́ lóru, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó mi? Ṣé bí ti báǹkì ni, tí ìjọba yóò san án padà? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nítòótọ́ ni kó jọ̀wọ́ dá mi lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ ta nǹkan fún mi, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Oníkajú (Ìsánlú)

Màmá, ẹ kú oríire, ẹ sì kú àfaradà. Èmi kì í ṣe onímọ̀, ẹni tó ti fara gbá a ni mí, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí mo ta kajú mi tán, mo kó 850,000 náírà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ní òun ń fi owó àwọn ènìyàn dáko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà òun yóò dá a padà pẹ̀lú èrè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má gbàgbé pé àgbẹ̀ ni mí. Mo mọ̀ pé oko kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn, mo mọ̀ pé ọdún tí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀, ẹni tó gbin àgbàdo lè máà rí owó irúgbìn rẹ̀ kó jọ, síbẹ̀ mo gbà wọ́n gbọ́ nítorí pé orí ìwé tó ń dán ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin kan sì gbé omi tútù wá fún mi kí n tó jókòó. Wọ́n fi ìwé ẹ̀rí kan tó wà nínú férémù lára ògiri hàn mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìwé CAC ni, èyí tó kàn ń sọ pé a ti forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, irú èyí tí aránṣọ tàbí ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù náà lè gbà. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti máa gba owó ará ìlú kó máa fi dókòwò. Ọwọ́ SEC ni èyíinì wà. Àwọn mìíràn tún máa ń fi ìwé SCUML ti EFCC hàn ènìyàn, bí ẹni pé EFCC ti ṣe onídùúró fún wọn, bẹ́ẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ lásán ni, nítorí òfin tó ń dènà fífi owó àìmọ́ ṣòwò.

Wọ́n san ti ìgbà àkọ́kọ́ pé pérépéré. Ìyẹn gan-an ló pa mí, nítorí pé mo dá gbogbo rẹ̀ padà fún wọn, mo sì tún fa àbúrò ìyá mi wọ̀ ọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní Kòrónà ti ba ọjà jẹ́, lẹ́yìn náà ni fóònù wọn kò lọ mọ́. Nígbà tí mo mú ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn agbófinró, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìka tọ́ka sí ni orúkọ tó wà lórí ìwé ìsanwó mi ní báǹkì: orúkọ ènìyàn kan ni, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Títí di òní n kò rí kọ́bọ̀ gbà, àbúrò ìyá mi kò sì tíì gbà láti jókòó tì mí níbi ìnáwó.

Akọ̀wé Báǹkì (Kábà)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Oníkajú. Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ báǹkì kúrò nílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Àjọ NDIC ló ń dúró fún owó tí a bá fi pamọ́ sí báǹkì. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, iye tó ń dúró fún ti kúrò ní 500,000 náírà, ó ti di mílíọ̀nù 5 náírà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan nínú báǹkì ńlá kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn báǹkì kékeré tí a ń pè ní máíkíróófáínáǹsì kúrò ní 200,000, ó di mílíọ̀nù 2. Ẹ kò ní san nǹkan kan fún un, àwọn báǹkì ló ń san án.

Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ fagi lé ìwé àṣẹ Heritage Bank ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àwọn tí owó wọn kò ju mílíọ̀nù 5 lọ rí tiwọn gbà láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé BVN ni NDIC fi wá àkántì tí wọ́n ní ní báǹkì mìíràn. Àwọn tí tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ gba mílíọ̀nù 5, wọ́n sì ń dúró de ìyókù títí tí NDIC yóò fi ta dúkìá báǹkì náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pín nǹkan nínú ìyókù yẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kọ́bọ̀ 9.2 ló kan náírà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo 6,200,000 yín: kò sí ẹni tó dúró fún 1,200,000 nínú rẹ̀. N kò sọ pé báǹkì yín fẹ́ wó, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ nìkan ló máa ná yín láti gbé mílíọ̀nù 2 lọ sí báǹkì kejì.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, NDIC kò mọ ilé-iṣẹ́ ìdókòwò rí. Ìpín, bọ́ǹdì, àpò ìdókòwò àjùmọ̀ní (níbi tí a ti ń kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ fi dókòwò), kò dúró fún ọ̀kankan nínú wọn, kódà bó jẹ́ inú gbọ̀ngàn báǹkì ni wọ́n ti tà á fún yín. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìjọba wà lẹ́yìn owó tí ẹ kó fún òun, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i.

Àgbẹ̀ Kòfí (Ògìdì)

Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹ fi owó náà ra ilẹ̀ sí ẹ̀bá títì tó lọ sí Lọ́kọ́jà. Ilẹ̀ kì í sá lọ.

Oníkajú (Ìsánlú)

Ilẹ̀ kì í sá lọ lóòótọ́, bàbá, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún yín lè tún tà á fún ẹlòmíràn kó tó sá lọ. Bí Màmá bá sì nílò owó oògùn ní oṣù tó ń bọ̀, ṣé igun ilẹ̀ ni yóò gé tà?

Ọmọ Mọ́pà (Maryland, Amẹ́ríkà)

Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ Akọ̀wé. Mo fẹ́ fi ti ibi tí mo ń gbé kún un, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ló jẹ́ kí ìbéèrè Màmá yé mi. Àjọ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ SIPC, òfin ọdún 1970 ló dá a sílẹ̀. Bí alágbàtà ìpín, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn ra ìpín tó sì ń bá a tà á, bá wó, tí nǹkan oníbàárà sì di àwátì lọ́wọ́ rẹ̀, SIPC lè dí i títí dé 500,000 dọ́là, owó tí kò tíì ra ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ ju 250,000 lọ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa níhìn-ín rò pé èyí túmọ̀ sí pé àwọn kò lè pàdánù. Bí ẹ bá ra ìpín ní 100 dọ́là tó sì já sí 40, SIPC kò ní bá yín sọ ohunkóhun: ìpín yín ló ń wá padà fún yín, kò sí ohun tó kàn án nínú iye tí ọjà bá dá lé e. Èyí tó tilẹ̀ ń ṣọ́ wa lójoojúmọ́ ni òfin tó ní kí alágbàtà ya nǹkan oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò lára tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ó bá jẹ gbèsè, àwọn tó jẹ lówó kò lè fọwọ́ kan tiwa.

Bernard Madoff, oníjìbìtì ìdókòwò ará Amẹ́ríkà tí wọ́n mú ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, tí wọ́n sì jù sẹ́wọ̀n ọdún 150 ní ọdún tó tẹ̀ lé e, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kò ṣèlérí èrè tó ń dẹ́rù bani. Èrè tó ń sọ mọ níwọ̀n, ó sì ń wọlé déédéé bí owó oṣù, ìyẹn ló sì fi tan àwọn ọlọ́gbọ́n. Àṣírí rẹ̀ ni pé òun kan náà ló ní òun ń ra ìpín, òun náà ló ní òun ń tọ́jú rẹ̀, òun náà ló tún ń tẹ ìwé ìṣirò tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣí àpótí wò. Nítorí náà, Màmá, ìwé àṣẹ tí ẹ rí dára púpọ̀, àmọ́ ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Alágbàtà Tẹ́lẹ̀ (Ẹ̀gbẹ̀)

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì alágbàtà ìpín ní Èkó kí n tó padà wálé wá tọ́jú ìyá mi. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí ọmọ Mọ́pà sọ yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀ bó ṣe rí ní Nàìjíríà, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ láti orí nǹkan kan sí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan náà ló tà wọ́n fún yín.

Ìpín ilé-iṣẹ́ tí a ń tà ní ọjà ìpín kì í gbé lọ́wọ́ alágbàtà. Ó ń gbé ní CSCS, ibi ìtọ́jú ìpín fún gbogbo ọjà náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1997, lórúkọ yín, pẹ̀lú nọ́ńbà tó jẹ́ tiyín nìkan. Alágbàtà dà bí ẹni tí a rán lọ sọ́jà. Bí ó bá kógbá sílé lọ́la, ẹ ó gbé àkántì yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìpín yín kò sì ní fi ẹyọ kan dín. Ibi tí ewu kù sí ni owó tí ẹ ti san tí kò tíì fi ra nǹkan, àti owó ìpín tó ti bá yín tà tí kò tíì fi ránṣẹ́, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni méjèèjì wà ní àkókò yẹn. Ewu kejì, èyí tí mo fi ojú mi rí tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá arúgbó kan, ni kí òṣìṣẹ́ kan ta ìpín oníbàárà láìsọ fún un. Ẹ gba ìwé àkántì yín tààrà lọ́dọ̀ CSCS lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé èyí tí alágbàtà fún yín. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ má sùn mọ́jú.

Ní ti bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjọba fúnra rẹ̀ ni onígbèsè yín. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5,000 náírà, kò sì ju mílíọ̀nù 50 lọ. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló fi ń wà, èlé rẹ̀ a sì máa wọ inú àkántì yín ní báǹkì lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Alágbàtà tó bá yín rà á lè kú, kó jóná, ìjọba ṣì jẹ yín. Nínú àpò ìdókòwò àjùmọ̀ní ẹ̀wẹ̀, òfin pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta: olùdarí ló ń pinnu ohun tí wọn yóò rà, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń tọ́jú ohun tí wọ́n rà, ẹni kẹta sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì nítorí àwọn tó lówó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mọ irú rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2004 ṣe tò ó: ẹni tó ń darí owó yín kì í jẹ́ ẹni tó mú un dání.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni oríṣi mìíràn, èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ pàápàá máa ń tà: ẹ ó kó owó fún wọn, wọn yóò dà á pọ̀ mọ́ ti ara wọn, wọn yóò sì fún yín ní ìwé tó sọ pé ní ọjọ́ báyìí àwọn yóò san iye báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé àdéhùn náà títí dé òpin, kí ẹ wá gbólóhùn yẹn. Ẹni tó bá ti ṣèlérí iye kan pàtó fún yín ti sọ yín di ẹni tó yá òun lówó, bí ó bá sì wó, ẹ ó tò sẹ́yìn àwọn olówó yòókù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí baba alájọ kò pọ̀: káàdì wà lọ́wọ́ yín, owó wà nínú àpò rẹ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn baba alájọ jù, nítorí pé mo mọ ilé rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé òfin ti le báyìí. Lóòótọ́, òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2025 fi ìtanràn tí kì í dín ní mílíọ̀nù 20 náírà àti ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 lélẹ̀ fún àwọn tó ń fi owó ẹni tó ń bọ̀ san ti ẹni tó ti wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin tó tẹ̀ lé e gan-an ni CBEX, ètò ìdókòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, wó mọ́ àwọn ènìyàn lórí, bí MMM, irú rẹ̀ mìíràn tó ń ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ṣe ti àpò gbogbo ènìyàn pa nígbà tí ọdún Kérésì ń bọ̀ lọ́nà ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Òfin lè mú olè, ṣùgbọ́n owó tó ti ná kì í sábà wálé.

Màmá, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ má ṣe bi wọ́n lórí fóònù. Ẹ béèrè orúkọ ta ni bọ́ǹdì àti ìpín náà yóò máa jẹ́. Ẹ béèrè ilé-iṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú wọn, àti bóyá ẹ lè gba ìwé ìṣirò tààrà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ sì béèrè inú àkántì tí owó yín yóò wà láàárín ìgbà tí ẹ san án àti ìgbà tí wọ́n bá fi ra nǹkan.

Ìyá Ìbejì (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Mo fẹ́ fi kan kún un. Ọkọ mi ní ìpín tí ẹnikẹ́ni kò jí, àmọ́ nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìwé rẹ̀ wà. Mo rò pé orúkọ mi tó kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábàásúnmọ́ ti tó. Wọ́n sọ fún mi pé ìyẹn kò sọ mí di ajogún, àfi kí n lọ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso dúkìá ní ilé-ẹjọ́ gíga. Odindi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Màmá, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn àkántì yín sínú ìwé kan, kí ẹ fi han ọmọ tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì ṣe ìwé ìhágún.

Olùkọ́ Àná (Ìyàrà)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó padà wá. Mo kọ lẹ́tà náà, wọ́n sì dáhùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní orúkọ mi ni bọ́ǹdì àti ìpín yóò máa jẹ́, wọ́n sì dárúkọ báǹkì tí yóò máa tọ́jú wọn. Inú mi dùn, mo sì gbé gègé láti fọwọ́ sí i, àfi ìgbà tí mo dé ojú ìwé kẹsàn-án, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé owó tí wọn kò bá tíì fi ra nǹkan lè wà nínú àkántì ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú owó tirẹ̀, fún ìgbà tí kò ní gbèdéke. Mo pe ọmọbìnrin tó ń bójú tó àwọn oníbàárà. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀." Ọdún márùndínlógójì ni mo fi bi àwọn ọmọ léèrè iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọn kò ṣe, mo mọ irú ohùn yẹn.

N kò fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àkántì ọ̀tọ̀ ni owó àwọn oníbàárà yóò wà, kò sì ní pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí wọ́n tó fi ra nǹkan. Kí n tó gbọ́ èsì, mo ti gbé mílíọ̀nù 2 lọ sí báǹkì kejì gẹ́gẹ́ bí Akọ̀wé ṣe wí, mo sì ti ní kí wọ́n fi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ nínú ìyókù ra bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba fún mi nígbà tí wọ́n bá tún ṣí i. Àná ni ìwé àdéhùn tuntun dé láti Àbújá. Ọmọ mi ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kí a lè jọ kà á. Mo ti sọ fún un pé kó mú gíláàsì ojú rẹ̀ dání.

Oníkajú, àbúrò ìyá yín ńkọ́?

Oníkajú (Ìsánlú)

Ó ti ń dá mi lóhùn díẹ̀díẹ̀, Màmá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún un lálẹ́ àná, ó sì béèrè bóyá lóòótọ́ ni ènìyàn lè fi 5,000 náírà ra bọ́ǹdì lọ́wọ́ ìjọba. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ta ló máa bá òun rà á? Mo dárúkọ alágbàtà kan. Ó wò mí títí, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ fi orúkọ rẹ̀ han òun nínú àkójọ SEC.